Àna Mi Ló La Ọ̀nà Ìtọ̀ Mi

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń jí léraléra kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ ń dúró lẹ́yìn ilé bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì, tí omi kò sì jáde, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ̀yin gan-an ni. Mo mọ irú ikọ́ tí ẹ ń wú níbẹ̀ kí ìyàwó yín má baà fura pé nǹkan kan kò dún níbi tó yẹ kó ti máa dún. Èmi náà wú ikọ́ yẹn títí tí ìyàwó mi fi lọ ra oògùn ikọ́ fún mi. Mo mu ún, torí kí ni ǹ bá sọ?

Orúkọ mi ni Làmídì. Mò ń rán ìjókòó mọ́tò ní Challenge, ilé mi sì wà ní Agbówó. Sítándáàdì mẹ́rin ni mo kàwé dé kí tíṣà tó lé mi, torí ó rí i pé láìpẹ́ mo máa gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí àṣìkọ níbí, tíṣà yẹn ni kí ẹ mú. Mo fẹ́ sọ bí ìtọ̀ ṣe há mọ́ mi lára, bí àwọn tó fẹ́ràn mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ pa mí, àti bí ìjọba àti ọsibítù aládàáni ṣe jọ gbé mi sórí tábìlì kan ṣoṣo tí wọn ò sì já mi bọ́.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ ni mí láti ilé wá, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ ní ọ̀dọ́. Àwa ọmọkùnrin máa ń fi ìtọ̀ díje létí odò Ògùnpa. Èmi nìkan ni tèmi ń sọdá. Ọkùnrin kan wà tó ń fọṣọ lódìkejì, ó gbójú sókè, ó ní òjò ti dé, ó kó aṣọ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó lọ bi ọkùnrin náà. Ó ti kú, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́.

Nígbà tí nǹkan wá fẹ́ yí padà, kò pariwo. Ó kàn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó di bí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa: á kán, á sinmi, á ronú, á tún kán. Mo máa parí, mo máa de ṣòkòtò, yóò tún jáde díẹ̀ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣòkòtò dúdú. Bí mo bá wọ takisí láti Agbówó lọ sí Challenge, mo máa bẹ awakọ̀ kó dúró ní Mọ́kọ́lá, kó dúró ní Dùgbẹ̀, kó tún dúró kí a tó dé Ring Road. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan wò mí nínú dígí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń wọn ilẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ ra Ìbàdàn."

Ẹ ṣàkíyèsí ibí yìí o. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ rí dókítà, nígbà tó ṣì ń kán. Èmi kò lọ. Ìyàwó mi, Ìyá Sídí, bi mí pé, "Bàbá Sídí, kí lẹ ń ṣe níta tó ń pẹ́ báyìí?"

"Mò ń wo òṣùpá."

"Òṣùpá wo? Kò sí òṣùpá lókè."

"Ìyẹn náà ni mò ń wò."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ti mọ́sáláṣí dé, mo lọ sẹ́yìn ilé, omi kọ̀ jálẹ̀. Kò kán, kò ro. Mo dúró, mo lóṣòó, mo da omi tútù sẹ́sẹ̀, mo súfèé bí wọ́n ṣe ń súfèé fún ẹṣin. Kò sí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ ikùn mi ti le bí táyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní atẹ́gùn, òógùn sì ń ṣàn lójú mi. Mo kígbe. Ilé kún.

Ìyá Sídí ló kọ́kọ́ gbé ìkòkò àgbo dé. "Ẹ mu kọ́ọ̀bù kan, ẹ mu ìkejì. Yóò ti èyí tó wà níbẹ̀ jáde." Mo mu ún. Kò tíì gbé kọ́ọ̀bù kúrò tí ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì Bùràímọ̀, olórí ẹbí wa, fi wọlé pẹ̀lú igbá hántù, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Ó ní n kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ kù torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Mo gbé e mu. Bí mo ṣe ń nu ẹnu, àbúrò mi obìnrin, Dọ́káàsì, tó bá ọkọ rẹ̀ wọ ìjọ Aládùúrà, dé pẹ̀lú aṣọ funfun àti gálọ́ọ̀nù omi àdúrà. Ó kúnlẹ̀ tì mí.

"Bọ̀dá mi, ẹ mu ún títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn Ẹ̀mí."

"Dọ́káàsì, ohùn tí mò ń gbọ́ báyìí, ti àpò ìtọ̀ mi ni."

Àlàájì ní, "Ṣé tiwa ò tó ni o fi gbé ti ṣọ́ọ̀ṣì wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu méjèèjì. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló máa mọ èyí tó fẹ́ lò."

Wọ́n wá jókòó tì mí lọ́tùn-ún lósì, oníkálukú ń ṣọ́ mi kí n má baà mu ti ẹnì kejì ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò lè kà. Èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ràn mi, omi ni gbogbo wọn gbé wá. Ọkùnrin tí omi kò jáde lára rẹ̀ ni wọ́n yí ká tí wọ́n ń rọ omi sí bí ẹni ń pọnmi kún àmù. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó, èmi tí mo ni ikùn náà kò rò ó. Bí ìtọ̀ yín bá ti dí pátápátá, tí oògùn tí wọ́n gbé wá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń mu, ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu yín kí ẹ máa lọ sí ọsibítù. Ẹ lè wá mu ún tí ẹ bá dé.

Ọmọ mi Kúdí ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Tíṣà ni ní Bódìjà, òun ló kéré jù nínú àwọn ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ ló sì mú jù. Ó wọlé, ó wo ìkòkò, ó wo igbá, ó wo gálọ́ọ̀nù, ó wá wo ikùn mi.

"Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ fẹ́ kí Bàbá mi bẹ́ ni?"

Àlàájì ní, "Ṣọ́ ẹnu rẹ, ìwọ ọmọ yìí!"

"Ẹ má bínú, Bàbá Àlàájì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé wọn lọ ná, màá padà wá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín." Kó tó sọ ọ́ tán, takisí ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọsibítù ńlá kan tó jẹ́ ti ìjọba ló gbé mi lọ. Ìlà gùn, ṣùgbọ́n mo pariwo débi pé àwọn tó wà níwájú mi fúnra wọn ló ní kí wọ́n gbé mi kọjá, kí etí àwọn lè sinmi. Nọ́ọ̀sì kan ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibi tí ẹ mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú báàgì, mo súre fún nọ́ọ̀sì yẹn, mo súre fún ìyá rẹ̀, mo súre fún ẹni tó gbin igi rọ́bà. Báàgì kún. Wọ́n mú òmíràn. Ìyẹn náà kún.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, níbo lẹ ti rí gbogbo omi yìí?"

Mo ní, "Ẹbí mi ni."

Dókítà tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ẹran kan wà tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, pé bí a bá ń dàgbà, ó lè máa wú kó sì fún ọ̀nà náà pa. Kì í ṣe àtọ̀sí, kì í ṣe èpè, kì í ṣe obìnrin ló fi ràn mí. Abẹ ló máa yọ ọ́. Mo ní kó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Yàrá iṣẹ́ abẹ wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná kì í dúró, omi kì í gun òkè, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ abẹ ìtọ̀ láàárín wọn ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Saudi. Wọ́n ní kí n máa gbé rọ́bà lọ sílé, kí n máa wá pààrọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ onírọ́bà. Ẹ ò mọ̀ pé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbàdàn? Ó wà. A máa ń kún bẹ́ǹṣì ọsibítù láàárọ̀, báàgì ìtọ̀ lábẹ́ agbádá, báàgì ìtọ̀ nínú àpò ṣòkòtò. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ṣe mánẹ́jà báńkì rí ní Dùgbẹ̀ gbé tirẹ̀ sínú àpò aláwọ bí ẹni ń lọ sí mítìn-ín. Mo yan ara mi ní alága. Kò sẹ́ni tó dìbò, kò sì sẹ́ni tó lè dìde kíákíá láti ta kò mí.

Ibẹ̀ la wà lọ́jọ́ tí mẹ́tírọ̀nù wá sọ fún wa pé ìjọba ìpínlẹ̀ wa yìí àti àwọn tó ni ọsibítù aládàáni ti ṣe àdéhùn. Ìjọba ní dókítà, ó ní oògùn ní sítọ́ọ̀, ṣùgbọ́n kò ní iná tó ṣeé gbọ́kàn lé. Àwọn aládàáni ní jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní kànga, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n wọn ò ní oníṣẹ́ abẹ ìtọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, dókítà ìjọba kan tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn yóò máa ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Ring Road. Iye tí à ń san fún ìjọba náà la ó san, kì í ṣe iye tí àwọn olówó ń san níbẹ̀.

Mánẹ́jà báńkì ní, "Wọ́n ti tà wá."

Ẹlòmíràn ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ni wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́. Kí wọ́n tó mọ ọ̀nà, wọ́n á ti gé ohun tí a ò rán wọn."

Mo dìde, mo gbé báàgì mi sókè kí gbogbo wọn rí i. "Bí wọ́n bá tà mí, kí wọ́n ṣáà tà mí fún ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀. Mẹ́tírọ̀nù, ẹ kọ orúkọ mi sókè pátápátá."

Ẹ má rò pé nǹkan náà wá ń lọ geere. Lọ́jọ́ tí mo dé Ring Road, nọ́ọ̀sì méjì dúró ti bẹ́ẹ̀dì mi, ọ̀kan tẹ̀ lé wa wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, èkejì jẹ́ ti ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ń jà lórí báńdéèjì.

"Aláìsàn yín ni, ẹ̀yin lẹ máa mú báńdéèjì wá."

"Báwo ló ṣe jẹ́ tiwa? Ṣebí orí bẹ́ẹ̀dì yín ló sùn sí."

"Àdéhùn ò sọ pé báńdéèjì wà lọ́rùn wa."

"Ó sọ pé ó wà lọ́rùn tiwa?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kúkú pín mi. Kí ìjọba mú ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Kí Ring Road mú òkè, ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́."

Dókítà obìnrin àgbà kan ló ni ọsibítù náà, Màmá Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbọ́ wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọlé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó da báńdéèjì lé mi láyà. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sún mọ́ nǹkan ni kó mú un. Mi ò fẹ́ gbọ́ tiwa, mi ò fẹ́ gbọ́ tiyín mọ́ nínú ilé yìí." Ó wá wò mí. "Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ dín ẹnu kù."

"Òun nìkan ni kò tíì dí lára mi, Mà."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni oníṣẹ́ abẹ ti wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga, kóòtù funfun, awò lójú. Ó wo kádì mi, ó wo ojú mi, kádì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà gbalaja sórí símẹ́ńtì, pẹ̀lú kóòtù funfun àti gbogbo rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Nọ́ọ̀sì kan figbe ta pé dókítà ti dákú.

Kò dákú. Túnjí ni. Túnjí tó fẹ́ fẹ́ Kúdí ọmọ mi, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí a ti dá ọjọ́ ìdána fún. Mo mọ̀ pé dókítà ni, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì bi í rí pé apá ibo lára ló ń tọ́jú, Kúdí náà kò sì sọ ọ́, ojú ló ń tì í. Mo rò pé etí ni, tàbí eyín. Nínú gbogbo ibi tó wà lára èèyàn, ta ló máa rò pé ibẹ̀ yẹn ni àna òun yàn láàyò?

Mo fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n. "Túnjí, dìde, kí o máa lọ."

Ẹ fi ara yín sí ipò mi. Ọmọ tí kì í jẹun níwájú mi, tí kì í gbójú sókè wò mí bí mo bá ń sọ̀rọ̀, òun ló máa wá ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè, tí yóò máa wo ohun tí Ìyá Sídí nìkan ní ẹ̀tọ́ láti wò. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò wá gbé iṣu wá sí pálọ̀ mi, èmi yóò sì le ojú bíi bàbá ìyàwó? Ojú wo ni mo fẹ́ le?

Àlàájì kó ẹbí jọ sídìí bẹ́ẹ̀dì mi. "Làmídì, tí ọwọ́ ọmọ yẹn bá kàn ọ́ níbẹ̀, kò lè jẹ́ àna wa mọ́. Mi ò ní jókòó gba iṣu lọ́wọ́ ẹni tó ti rí ìhòòhò àbúrò mi. Abẹ ni àbí ìdána, mú ọ̀kan."

Ìyá Sídí ní kí a dúró de dókítà mìíràn. Màmá Dókítà ní kò sí òmíràn nínú àdéhùn náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn máa wà. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí mi. "Rọ́bà yìí ti ń mú ibà wọlé sí wọn lára. Tí ibà yìí bá wọ ẹ̀jẹ̀, mi ò ṣèlérí kankan fún yín." Lóòótọ́, mò ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì fi ń rìn. Kúdí dúró lẹ́bàá fèrèsé, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò rí irú rẹ̀ rí, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù ju ibà lọ. Bí mo bá yan abẹ, mo ti gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ mi. Bí mo bá yan ìdána, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n á ti sin mí kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Túnjí padà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ilẹ̀ ló ń wò. "Bàbá, bó bá jẹ́ ìdána ló dí ọ̀nà, mo yọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹ má kú. Tí ara yín bá ti yá, ẹ fún ẹlòmíràn ní Kúdí."

Kúdí yíjú kúrò ní fèrèsé.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn? Ṣé ẹrù ni mí tí o fi ń sọ̀ mí kalẹ̀ lójú títì?" Ó kọjú sí mi, omi ti wà lójú rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ ò ní kú nítorí ọkọ tèmi. Èmi náà ò sì ní pàdánù ọkọ nítorí ìtọ̀ yín. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò sóhun tí ẹ ò lè ṣe."

Mo rẹ́rìn-ín títí rọ́bà fi fà mí. Mo wá wo ọmọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí àna nílùú yìí tó dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, tí kò sì lè fa bàbá ìyàwó rẹ̀ dìde bó bá ṣubú. Èyí fẹ́ ju ìyàwó sílẹ̀ kí n lè tọ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

"Àlàájì, ẹ gbọ́ mi. Túnjí ló máa là mí, Túnjí náà ló máa gbé iṣu wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ nínú iṣu náà, kó jókòó sílé rẹ̀."

"Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí?"

"Ìhòòhò mi ni, Àlàájì. Kì í ṣe ti ẹbí."

Ó jáde, ó sì gbá ilẹ̀kùn. Mo pe Túnjí súnmọ́ mi, mo ṣòfin fún un. "Láti ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ wọlé, o kì í ṣe àna mi, dókítà ìjọba ni ọ́. Bí o bá jáde, kí o bọ́ ìbọ̀wọ́ kí o tó dọ̀bálẹ̀ fún mi."

"Ẹ ṣeun, sà."

Wọ́n ní kí ẹbí mi wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè mí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn tó wà níta ni pé ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò ní lágbára mọ́, nítorí náà àwọn mọ̀lẹ́bí mi kan tó máa ń jẹ ẹran nílé mi wá rántí pé àwọn ní ìrìn àjò. Dọ́káàsì ló kọ́kọ́ sùn sílẹ̀, ó ń kọrin bí wọ́n ṣe ń fà á. Wọ́n tún nílò ẹnì kan. Ìgbà yẹn ni Àlàájì wọlé, ó ti ká apá agbádá sókè láti ẹnu géètì, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ ṣeun."

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo wá fún ọ. Mi ò tíì máa bá ọ sọ̀rọ̀."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì di ti ẹlòmíràn. Ojú mi là sílẹ̀, mò ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Wọ́n wá fa aṣọ kan kọjá láyà mi, wọ́n so ó rọ̀ sórí irin. Inú mi dùn sí aṣọ yẹn ju agbádá tí mo fi gbéyàwó lọ. Ojú mi wà lápá kan, ìyókù mi wà lápá kejì. Túnjí tó wà níbi ìyókù kò rí ojú mi, èmi tí mo ni ojú kò rí ọwọ́ rẹ̀. Bàbá ìyàwó dùbúlẹ̀ níhìn-ín, aláìsàn dùbúlẹ̀ lọ́hùn-ún. Màmá Dókítà jókòó sí orí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa erin tí mo rán ìjókòó fún lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́. Tí ẹ bá pa dókítà lẹ́rìn-ín, yóò gé èyí tí kò sí nínú àdéhùn."

Mo dákẹ́. Àárín ìdákẹ́ yẹn ni iná lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré sílẹ̀ díẹ̀. Mi ò tíì bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òkùnkùn, mo dùbúlẹ̀ ní lílà, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà. Mo gbọ́ ohùn Túnjí, jẹ́jẹ́, ó ní, "Mo ti di ojú ẹ̀jẹ̀ mú. Kí ẹnikẹ́ni má mira." Lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó ké. Iná dé. Lọ́dọ̀ ìjọba, ọwọ́ wà, iná ò sí. Ní Ring Road yìí, iná wà, ọwọ́ ò sí. Bí ìkankan nínú méjèèjì bá dá wà lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ èyí, yóò sì kọ ọ́ láìdáa.

Fún ọjọ́ mélòó kan, omi tó ń jáde nínú rọ́bà pọ́n bíi sobo, ó sì ta mí bí ata. Nígbà tó mọ́, Túnjí fa rọ́bà yọ. Ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá tọ̀ fúnra yín, ilé yá. Tí kò bá jáde, a ó dá rọ́bà padà." Ó wá ní kí n mu omi dáadáa. Ìyá Sídí gbé kọ́ọ̀bù omi wá, mo wo kọ́ọ̀bù yẹn bí ẹni tó rí ọ̀tá rẹ̀ ní ọjà.

Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi jókòó ti àwo ìtọ̀. Ìyá Sídí wà lẹ́nu ọ̀nà, Kúdí wà lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ìjọba àti nọ́ọ̀sì ilé wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń tẹ́tí. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó síbòmíràn, wọ́n kọ̀. Mo gbìyànjú, kò sí. Mo sinmi, mo tún gbìyànjú, kò sí. Mo ti ń ro bí n ó ṣe tún wọ inú ẹgbẹ́ onírọ́bà padà. Mo wá dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mo fi ọwọ́ kan di ògiri mú, mo sọ fún ohun náà pé, "Wò ó, mo ti ṣe tèmi." Ó kọ́kọ́ jó mi bí iná. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àwo. Ó ń dún, kò dáwọ́ dúró. Ariwo sọ níta: "Wọ́n ti tọ̀! Bàbá ti tọ̀!" Ìyá Sídí ń sunkún, ó ń dá mi lápárá lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì méjèèjì na ọwọ́ láti gba àwo lọ́wọ́ mi, mi ò fún wọn. Mo gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá fúnra mi, kí gbogbo yàrá lè rí i.

A ṣe ìdána. Túnjí dọ̀bálẹ̀, mo wo àjà ilé, òun náà wo ẹní. Bí ojú wa bá pàdé, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Àlàájì ló gba iṣu lórúkọ ẹbí, ó sì yan èyí tó tóbi jù fún ara rẹ̀.

Ní báyìí, Kúdí ti bímọ. Mò ń mu omi, mò ń ṣiṣẹ́ mi ní Challenge, mò ń sùn di àárọ̀ láìdìde lọ wo òṣùpá kankan. Àdéhùn náà ṣì wà, kò sì pé. Nígbà mìíràn dísù á tán nínú jẹnẹrétọ̀ Ring Road, nígbà mìíràn oògùn ìjọba á pẹ́ lọ́nà, ti báńdéèjì kò tíì tán títí dòní. Bí mo bá gbọ́, mo máa lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, màá pariwo títí wọ́n á fi wá nǹkan ṣe. Èmi ò ní jẹ́ kó kú. Ọkùnrin pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá sì ń sọ níta pé iṣẹ́ abẹ yìí ti sọ Làmídì di obìnrin, kó lọ bi Ìyá Sídí, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò sá gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ìjókòó mọ́tò òun ló ya. Ìjókòó mọ́tò rẹ̀ kò ya. Ṣòkòtò dúdú ló wọ̀, ó ń yí ẹsẹ̀ padà bí ẹni dúró sórí iná. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Bàbá, mo gbọ́ pé wọ́n là yín. Ṣé òótọ́ ni pé àna yín ló ṣe é?"

"Òun ni."

"Ojú ò tì yín?"

"Jókòó sórí àga yẹn," mo ní. "Jẹ́ kí n lọ tọ̀ kí n tó dá ọ lóhùn."

Kò tíì rí ibi tí yóò fi ìdí lé tí mo fi lọ, tí mo tọ̀, tí mo padà dé.